Àwòrán ẹ̀fẹ̀ nípa ìkóbìnrinjọ àwọn Mọ́mọ́nì: ṣé àwòrán ni ó bí òfin, àbí òfin ni ó bí àwòrán?

Olùkọ́ Ìtàn (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì ń múra ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún sáà tí ń bọ̀ lórí bí a ṣe ń ka àwòrán gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Níbi tí mo ti ń wá àpẹẹrẹ kiri ni mo ti bá àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan pàdé, èyí tí Joseph Keppler yà sínú ìwé ìròyìn Puck ti ìlú New York ní 1877, nígbà tí Brigham Young, olórí ìjọ àwọn Mọ́mọ́nì ní agbègbè Utah ní Amẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ibùsùn kan ṣoṣo ni ó wà nínú àwòrán náà, ṣùgbọ́n ó gùn kọjá bí ibùsùn ṣe ń gùn, àwọn obìnrin sì tò sórí rẹ̀ láti ìkángun kan dé ìkejì, wọ́n dé fìlà ìsùn, wọ́n ń sunkún ọkọ. Láàárín wọn ni ìrọ̀rí kan wà tí kò sí orí lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó jọ ti inú Bíbélì ni wọ́n kọ mọ́ ọn, pé ibi tí ó mọ̀ ọ́n nígbà kan rí kì yóò mọ̀ ọ́n mọ́.

Mo rẹ́rìn-ín, n kò ní purọ́. Àmọ́ nígbà tí mo tún un wò ni ọkàn mi kò gbà á mọ́. Ìyàwó mẹ́rin ni bàbá tí ó bí bàbá mi ní ní Ọ̀yọ́. Yàrá mẹ́rin ni wọ́n ń gbé, ààrò mẹ́rin ni wọ́n ń dá, bàbá sì ní yàrá tirẹ̀. Ẹni tí ó bá kàn ní ń se oúnjẹ, òun náà ní ń lọ sọ́dọ̀ bàbá lálẹ́. Kò sí ọmọ agboolé tí ẹ lè sọ fún pé àwọn orogún máa ń tò sórí ibùsùn kan náà kí ó gbà yín gbọ́. Mo wá lọ wo ilé tí Brigham Young kọ́ fún àwọn ìyàwó rẹ̀ ní ìlú Salt Lake, èyí tí wọ́n ń pè ní Lion House, tí wọ́n parí ní 1856. Yàrá ìsùn 20 ni ó wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, tí òrùlé ṣóńṣó kan sì yọ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé bàbá wa ni, òrùlé ṣóńṣó àti gíláàsì ni ó fi yàtọ̀. Ibùsùn gígùn yẹn kò sí níbì kan àfi nínú orí ayàwòrán.

Ìbéèrè mi nìyí. Láàárín 1862 sí 1887 ni ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe òfin lé òfin láti fòpin sí ìkóbìnrinjọ ní Utah, àárín ìgbà náà gan-an sì ni àwọn ayàwòrán ń fi àwọn Mọ́mọ́nì ṣe ẹlẹ́yà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ta ni ó ń ti ẹnì kejì nínú wọn? Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kí ó jọ̀ọ́ là mí lóye, nítorí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ yóò bi mí, wọn kì í sì í gba ìdáhùn tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Agbẹjọ́rò Àkúrẹ́

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí a bá fi ọdún wọ̀n ọ́n, òfin ni ó ṣáájú. Joseph Smith, wòlíì àkọ́kọ́ àwọn Mọ́mọ́nì, ti jẹ́ kí wọ́n kọ ìfihàn nípa ìkóbìnrinjọ sílẹ̀ ní 1843, ọdún kan kí àwọn jàǹdùkú tó ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Illinois láti pa á. Ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ 1852 ni ìjọ náà tó kéde rẹ̀ ní gbangba ní Salt Lake. Kò ju ọdún mẹ́rin lọ lẹ́yìn náà tí ẹgbẹ́ òṣèlú Republican, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé dandan ni kí ìjọba àpapọ̀ fòfin de ìkóbìnrinjọ àti ìkónilẹ́rú ní àwọn agbègbè tí kò tíì di ìpínlẹ̀, wọ́n sì pe àwọn méjèèjì ní ìbejì ìwà ẹhànnà tí ó ṣẹ́ kù sáyé. Ní 1856 yẹn, Keppler kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Abraham Lincoln fọwọ́ sí òfin àkọ́kọ́ ní 1862, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́: ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó ọdún márùn-ún àti ìtanràn 500 dọ́là. Fún ọdún gbọọrọ, òfin náà kò rí ẹni mú, ẹni tí ó bá sì ti dúró ní kóòtù rí yóò mọ ìdí rẹ̀. Inú ilé tí àjèjì kì í wọ̀ ni wọ́n ti ń so tọkọtaya pọ̀, kò sí ìwé ìgbéyàwó tí ìjọba lè fi ṣe ẹ̀rí, àwọn Mọ́mọ́nì ni wọ́n ń jókòó ní ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀, àwọn náà sì ni aládùúgbò tí ìwọ̀ yóò pè wá jẹ́rìí. Òfin 1874 ni ó kó irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sọ́wọ́ àwọn adájọ́ ìjọba àpapọ̀. George Reynolds, tí ó jẹ́ akọ̀wé fún Brigham Young, ni wọ́n wá fi dán an wò, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì dá ẹjọ́ rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1879. (Ẹ ó rí 1878 nínú àwọn ìwé òfin mìíràn, nítorí sáà tí ẹjọ́ náà bọ́ sí, ẹ má jẹ́ kí ó dà yín láàmú.) Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìjọba kò lè yẹ ìgbàgbọ́ inú ọkàn ènìyàn wò, ṣùgbọ́n ó lè dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Títí di òní ni àwa agbẹjọ́rò ń tú ìlà yẹn wò.

Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i pé ìgbéyàwó kejì ṣì ṣòro láti fi ẹ̀rí gbè. Ìdí nìyẹn tí òfin Edmunds ti 1882 fi sọ pé kí ọkùnrin sá ti máa gbé pẹ̀lú obìnrin tí ó ju ẹyọ kan lọ bí ọkọ pẹ̀lú aya, ẹ̀ṣẹ̀ ti parí. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibùsùn tí Olùkọ́ mẹ́nu bà. Wọ́n mú Angus Cannon, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ náà ní Salt Lake. Ó ní kí ilé ẹjọ́ jẹ́ kí òun mú ẹ̀rí wá pé láti ìgbà tí òfin ti jáde, òun kò bá ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó òun sùn mọ́. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ gbọ́ ti ibùsùn. Pé ó ń jẹun nídìí tábìlì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, pé ó sì ń pè wọ́n ní ìyàwó òun lójú ayé, ó ti tó. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ìtanràn 300 dọ́là. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fọwọ́ sí i ní 1885. Àwọn ọkùnrin tí ó lé ní 1,000 ni wọ́n fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ sọ sẹ́wọ̀n. Ẹni tí ó bá fẹ́ yàwòrán ohun tí òfin rí gan-an, abọ́ ọbẹ̀ ni ì bá yà.

Òfin 1887 ni ó wá gé gbòǹgbò: ó tú ìjọ náà ká gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí òfin mọ̀, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹsàn-án 1890, Wilford Woodruff tí ó jẹ́ ààrẹ ìjọ náà gbé ìkéde jáde pé òun yóò tẹ̀lé òfin ilẹ̀, pé kí àwọn ọmọ ìjọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Utah di ìpínlẹ̀ ní 1896, pẹ̀lú ìlà kan nínú ìwé òfin rẹ̀ pé èèwọ̀ ni ìkóbìnrinjọ títí láé.

Nítorí náà, Olùkọ́, ní tèmi, àwòrán ń tẹ̀lé òfin lẹ́yìn ni, bí ọmọdé ṣe ń tẹ̀lé eégún. Ìtẹ́ ni ó ń ba àwọn aṣòfin lẹ́rù ju ibùsùn lọ: ìjọ kan tí ó ń pàṣẹ ìbò, ilẹ̀, ọjà àti ilé ẹjọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá Atẹ̀wé (Ṣómólú)

Agbẹjọ́rò ọmọ mi, o ṣeun, ọ̀rọ̀ rẹ kún. Àmọ́ n kò gbà tán. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi tẹ̀wé ní Ṣómólú kí ojú tó ní kí n sinmi, ohun tí ẹnu iṣẹ́ fi yé mi sì ni pé ìwé tí kò ní àwòrán, ẹni tí ó mọ̀wé ni ó ń rà á, ṣùgbọ́n èyí tí ó ní àwòrán, gbogbo ilé ni ó ń wò ó.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ìwé ìròyìn Harper's Weekly, níbi tí ayàwòrán Thomas Nast ti ń ṣiṣẹ́, igi ni wọ́n ń gbẹ́: ayàwòrán á yà á sí ojú igi líle, agbẹ́gi á fi ọ̀bẹ tín-ín-rín gbẹ́ ibi tí ó funfun kúrò, wọ́n á wá fi tàdáwà dúdú tẹ ohun tí ó kù. Puck kò bá ọ̀nà yẹn lọ. Òkúta ni Keppler lò. Ẹ fi ẹfun ọlọ́ràá yàwòrán sójú òkúta dídán, ẹ da omi sí i. Omi á sá fún ọ̀rá, tàdáwà á sá fún omi, ibi tí ọwọ́ yín bá kàn nìkan ni yóò gbà á. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní òkúta tirẹ̀, bí òkúta kan bá sì yẹ̀ díẹ̀, ètè á kúrò lẹ́nu, pupa á lọ sí àgbọ̀n. Ohun tí ìlànà yẹn fún Puck ni àwọ̀, ní ìgbà tí ìwé ìròyìn tí ó ní àwọ̀ ṣọ̀wọ́n bí ojú. Ìwé ìròyìn dúdú àti funfun, wọ́n á kà á tán, wọ́n á fi di ẹja. Èyí tí ó ní àwọ̀, wọ́n á gé e lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ní San Francisco, ìwé ìròyìn tí ń jẹ́ The Wasp ń fi àwọ̀ tẹ̀wé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Korbel, tí wọ́n ń ṣe àpótí sìgá tẹ́lẹ̀, ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1876. Ní 1879, lẹ́yìn ìdájọ́ Reynolds tí ìwọ Agbẹjọ́rò sọ, àwòrán kan jáde níbẹ̀ tí G. F. Keller yà. Ibùsùn náà ni, Olùkọ́! Lọ́tẹ̀ yìí, Uncle Sam ni ó ni ín, òun ni bàbá onírùngbọ̀n tí wọ́n ń fi ṣàpẹẹrẹ ìjọba Amẹ́ríkà. Ó ń fi ẹsẹ̀ ta Mọ́mọ́nì kan àti ará Ṣáínà kan bọ́ sílẹ̀, nígbà tí adúláwọ̀ kan àti ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kan ṣì wà lórí ibùsùn níbẹ̀. Ó wá di 1882. Oṣù kẹta ni òfin Edmunds jáde lórí àwọn Mọ́mọ́nì. Oṣù karùn-ún ni òfin mìíràn jáde tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà. Àwọn méjèèjì tí Keller ti ta sílẹ̀ ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ni òfin wá ta sílẹ̀ láàárín oṣù méjì. Ṣé èyí náà ni ọmọdé tí ń tẹ̀lé eégún?

N kò sọ pé Keller ni ó kọ òfin. Ohun tí mo ń sọ ni pé aṣòfin tí ó bá fẹ́ ta ènìyàn bọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn ti mọ̀ pé àwọn tí yóò dìbò fún òun ti rí i lójú àwòrán, wọ́n sì ti rẹ́rìn-ín. Nast náà yà á pé ìjàpá ńlá kan àti ọ̀nì kan ń gun òrùlé ilé aṣòfin ní Washington. Ẹ̀yìn ìjàpá náà rí bí òrùlé gbọ̀ngàn ìjọsìn ńlá àwọn Mọ́mọ́nì tí wọ́n ń pè ní Tabernacle, ọ̀nì sì ni ìjọ Àgùdà. Ó béèrè lábẹ́ rẹ̀ pé òmìnira ẹ̀sìn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé kí a wá jẹ́ kí àwọn afàyàfà àjèjì máa rá lórí wa ni? Ta ni yóò rí ọ̀nì lórí òrùlé tí kò ní wá igi?

Ọmọ Mushin

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn Mọ́mọ́nì tí wọ́n ń wọ ṣáàtì funfun, tí wọ́n ń rìn ní méjì-méjì ní àdúgbò wa náà ni ẹ ń sọ? Wọ́n mà sọ fún bọ̀ọ̀dá mi pé ìyàwó kan ni kí ó ní.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ (Arizona)

Àwọn náà ni, ọmọ mi, òótọ́ ni wọ́n sì sọ fún bọ̀ọ̀dá rẹ. Ìjọ Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn ń yọ ẹni tí ó bá kóbìnrin jọ kúrò nínú ìjọ báyìí, wọn kì í sì í ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin tí ó bá ṣì ní ìyàwó méjì nílé. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí ó ya kúrò lára wọn ni wọ́n ṣì ń ṣe é ní ìhà ibí. Ó ti yé ọ?

Olùkọ́, Agbẹjọ́rò, Bàbá wa, mo kí gbogbo yín. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, orúkọ ọkùnrin ni mo sì ń kà. Kò sí orúkọ obìnrin kan ṣoṣo níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ayàwòrán ṣe: obìnrin Mọ́mọ́nì tí wọ́n bá yà, bí kò bá sunkún, á máa fa irun orogún rẹ̀, bí kò bá fa irun, á dúró ní ìlà bí ẹran tí wọ́n ń kó lọ sọ́jà. A ní ẹsẹ Ifá tiwa tí ó ní ọ̀kan ṣoṣo póró ni obìnrin ń dùn mọ lọ́wọ́ ọkọ, n kò sì ní bá Ifá jiyàn, mo dàgbà nílé olórogún, mo mọ ohun tí ojú ìyá mi rí. Àmọ́ ìyá mi ní orúkọ, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà, ó sì ní ẹnu.

Àwọn obìnrin Utah náà ní ẹnu. Ní oṣù kìn-ín-ní 1870, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn péjọ sínú Tabernacle àtijọ́ ní Salt Lake láti tako àbá òfin kan tí wọ́n fẹ́ fi dojú kọ àwọn ọkọ wọn. Oṣù kejì ọdún náà ni ìjọba Utah fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ ìbò, àádọ́ta ọdún kí gbogbo obìnrin Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i gbà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ohun tí àwọn kan ní Washington rò ni pé bí àwọn obìnrin wọ̀nyí bá rí ìbò, wọ́n á dìbò pa ìkóbìnrinjọ. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ni wọ́n wá ṣe sí wọn? Òfin 1887 tí Agbẹjọ́rò ní ó gé gbòǹgbò, ẹ wò ó, ó fi ìlà mìíràn gba ìbò lọ́wọ́ gbogbo obìnrin Utah, ẹni tí ó jẹ́ Mọ́mọ́nì àti ẹni tí kì í ṣe Mọ́mọ́nì, ẹni tí ó lórogún àti ẹni tí kò tíì lọ́kọ. Òfin tí wọ́n ní wọ́n fi ń tú obìnrin sílẹ̀ ni mo ń sọ o.

Ẹ tún gbọ́ ti ẹ̀wọ̀n. Ní 1883, wọ́n pe obìnrin kan, Belle Harris, wá síwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí kí ó wá sọ̀rọ̀ nípa ìgbéyàwó rẹ̀. Ó ní òun kò ní dáhùn. Wọ́n tì í mọ́lé, òun àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń ti ilé bọ́ sí ilé lóru, wọ́n ń kọ́ ọmọ wọn pé bí àjèjì bá béèrè orúkọ bàbá rẹ, o kò mọ̀ ọ́n. N kò tíì rí àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí ó yà á bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin kí ó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀.

Angus Cannon tí ẹ sọ pé wọ́n fi abọ́ ọbẹ̀ mú yẹn, ìyàwó rẹ̀ kẹrin ń jẹ́ Martha Hughes Cannon. Dókítà ni. Ní 1886, ó gbé ọmọ rẹ̀ sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ìjọba má baà fi òun àti ọmọ náà ṣe ẹ̀rí sọ́kọ rẹ̀ lọ́rùn. Ó padà wálé nígbà tí ìjì rọlẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá 1896, ìyẹn ìgbà tí Utah ti di ìpínlẹ̀ tí ìbò obìnrin sì ti padà, wọ́n ń dìbò sí ilé aṣòfin àgbà ti ìpínlẹ̀ náà. Angus jáde lábẹ́ Republican. Martha jáde lábẹ́ Democrat, ní agbègbè kan náà. Martha wọlé, Angus fìdí rẹmi, ìyàwó kẹrin yẹn sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Olùkọ́, ibo ni ẹ fẹ́ kí Keppler tẹ́ obìnrin yìí sí lórí ibùsùn rẹ̀?

Olùkọ́ Ìtàn (Ìbàdàn)

Ìyá wa, ẹ pẹ́ fún wa. Mo padà lọ wo àwòrán 1877 náà lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, òótọ́ sì ni: kò sí orúkọ obìnrin kankan níbẹ̀, orúkọ ẹni tí kò sí lórí ibùsùn nìkan ni wọ́n kọ.

Níbi tí mo ti ń wò kiri ni mo tún ti rí òmíràn tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìwé ìròyìn Life ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù kẹrin 1904. Alàgbà Mọ́mọ́nì kan ń rìn lọ, ó fa àwọn ọmọ lọ́wọ́, wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni gbogbo wọn, pé àwọn ìyá wọn ni wọ́n jọ. Ẹ wo àwọn ọmọ náà: ọ̀kan jẹ́ ọmọ adúláwọ̀ bíi tiwa, òmíràn jọ ọmọ Éṣíà, òmíràn jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, aláwọ̀ funfun náà sì wà láàárín wọn. Ohun tí kò yé mi ni pé àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Denmark àti ìlà oòrùn Amẹ́ríkà ni ó kún Utah nígbà náà. Àwọn Mọ́mọ́nì fúnra wọn kò sì jẹ́ kí ọkùnrin adúláwọ̀ di àlùfáà nínú ìjọ wọn títí di oṣù kẹfà 1978. Níbo ni ayàwòrán yìí ti rí ọmọ dúdú tí ó fi sí wọn lọ́wọ́?

Agbẹjọ́rò Àkúrẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ bẹ Bàbá Atẹ̀wé kí wọ́n má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa eégún. Inú ìdájọ́ Reynolds gan-an ni ó wà. Adájọ́ Àgbà Morrison Waite ni ó kọ ọ́. Ó ní ìkóbìnrinjọ jẹ́ ohun ìríra láàárín àwọn orílẹ̀-èdè àríwá àti ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù láti ọjọ́ pípẹ́, pé kí ìjọ Mọ́mọ́nì tó dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé inú ìgbésí ayé àwọn ará Éṣíà àti àwọn ará Áfíríkà nìkan ni a ti ń rí i. Ó tún mú àpẹẹrẹ opó tí ó fẹ́ jó mọ́ òkú ọkọ rẹ̀ nínú iná wá, àti ti ẹni tí ó fẹ́ fi ènìyàn rúbọ. Kò darúkọ ẹ̀rí kankan nípa ilé Reynolds fúnra rẹ̀ láti fi gbe ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́sẹ̀. Ó yàwòrán ni, ọ̀rọ̀ ni ó fi yà á. Ayàwòrán Life kàn fi ẹfun kun ohun tí Adájọ́ Àgbà ti fi gègé kọ ní ọdún 25 ṣáájú: ọkùnrin funfun tí ó bá kóbìnrin jọ ti kúrò nínú àwọn funfun, ọmọ rẹ̀ sì ti di ọmọ Áfíríkà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìlà yẹn ní yunifásítì, mo kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ni ó rò bẹ́ẹ̀ ní àkókò náà. Ọdún méjì lẹ́yìn òfin Edmunds, ní 1884, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé òfin ìgbéyàwó oníyàwó kan wá sí Èkó. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ìgbéyàwó ìbílẹ̀ sílẹ̀ láàyè rẹ̀, nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé òfin méjì ni a fi ń gbéyàwó títí di òní. Nígbà tí Woodruff ń gbé ìkóbìnrinjọ jù sílẹ̀ ní Salt Lake ní 1890, kò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn kan fi dá ìjọ United Native African sílẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún olóbìnrin púpọ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ìtẹ́ ni n kò tíì gba tiyín, Bàbá. Oṣù tí àwòrán Olùkọ́ jáde nínú Life, ní oṣù kẹrin 1904 yẹn kan náà, ni ọmọ Keppler, tí òun náà ń jẹ́ Joseph Keppler, yà òmíràn sínú Puck. Ibùsùn kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Arúgbó gàgàrà kan tí ó dúró fún àwọn olórí ìjọ náà ń gbé ọkùnrin kékeré kan sí ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin àgbà, wọ́n sì kọ ẹ̀sùn sí gbogbo ara aṣọ arúgbó náà: ìkóbìnrinjọ wà níbẹ̀, ìpakúpa Mountain Meadows ti 1857, níbi tí àwọn Mọ́mọ́nì kan ti pa àwọn arìnrìn-àjò, wà níbẹ̀, títàpá sí ìjọba wà níbẹ̀. Ọkùnrin kékeré náà ni Reed Smoot, sẹ́nétọ̀ láti Utah. Ìyàwó ẹyọ kan ṣoṣo ni Smoot ní. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi wádìí rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó jókòó pa ní oṣù kejì 1907.

Bàbá Atẹ̀wé (Ṣómólú)

Mo gbà fún ọ ní ti Smoot. Àmọ́ sọ fún mi, ọmọ mi: ta ni ó ṣì rántí ojú Smoot lónìí? Ibùsùn ni Olùkọ́ kọ́kọ́ rí.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ (Arizona)

Olùkọ́, bí ẹ bá máa fi ìbéèrè yín han àwọn ọmọ, ẹ má parí rẹ̀ sí 1904. Ní ìpínlẹ̀ tí mo ń gbé yìí, abúlé kan wà ní ààlà Utah tí wọ́n ń pè ní Short Creek, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ó ya kúrò lára ìjọ náà ń gbé. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje 1953, gómìnà Howard Pyle rán ọlọ́pàá lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ó sì pe àwọn oníròyìn kí wọ́n bá wọn lọ, nítorí ó dá a lójú pé ohun tí wọ́n bá rí yóò jọ ohun tí àwọn bàbá wọn ti rí nínú Puck. Àwọn ọmọdé 263 ni wọ́n kó kúrò lọ́wọ́ òbí wọn. Kámẹ́rà ni àwọn oníròyìn gbé lọ, wọn kò gbé ẹfun. Ohun tí ó jáde nínú àwọn ìwé ìròyìn ni ìyá tí ó di ọmọ rẹ̀ mú àti ọmọ tí ó ń wo ọlọ́pàá. Àwọn ará ìlú tí kò fẹ́ràn ìkóbìnrinjọ rárá bínú sí gómìnà. Ó tún díje ní 1954, kò wọlé.

Olùkọ́ Ìtàn (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun, Ìyá wa. Mo ti rí mẹ́ta nínú àwọn àwòrán tí ẹ sọ̀rọ̀ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì fẹ̀ tó láti tẹ̀ sójú pátákó. Bàbá Atẹ̀wé, bí ẹ bá mọ ẹni tí ó ṣì lè tẹ ibùsùn 1877 náà fún mi ní Ṣómólú lórí páálí tí ó fẹ̀ tó ojú tábìlì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ ka iye ìrọ̀rí tí ó wà níbẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun fún wọn.